Agbárí méje nínú páálí kan: àyẹ̀wò ẹ̀dà fọ́sìlì tí mo rà ní Yábàá

Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì àgbà ní bayọ́lọ́jì ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Sùúrùlérè. Nínú gbogbo iṣẹ́ ọdún kẹta, orí tó dá lórí bí àwọn ẹ̀dá ṣe ń yí padà láti ìran dé ìran ni ó máa ń ni mí lára jù, kì í ṣe nítorí pé kò yé mi, bí kò ṣe nítorí pé inú ìwé nìkan ni àwọn ọmọ ti ń bá a pàdé. Mo lè mú ọ̀pọ̀lọ́ wá sí kíláàsì, mo lè já ewé ìlá, ṣùgbọ́n n kò ní ohun kan tí mo lè gbé lé wọn lọ́wọ́ tí wọn yóò fi rí bí àwọn onímọ̀ ṣe ń ti ara egungun tó ti di òkúta, èyí tí à ń pè ní fọ́sìlì, tọpinpin ìdílé ọmọ ènìyàn. Nítorí náà, nígbà tí mo rí páálí kan ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà tó kọjá, nínú ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta ohun èlò ilé ẹ̀kọ́ ní Yábàá, tí wọ́n kọ ọ́ sí ara rẹ̀ pé ẹ̀dà agbárí méje ló wà nínú rẹ̀, mo dúró.

Náírà 145,000 ni màmá tó ni ṣọ́ọ̀bù náà kọ́kọ́ pè é. A ná an títí, ó sì gba 128,000. Owó kékeré kọ́ nìyẹn, ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ wa ló bá mi san ìdajì rẹ̀. Kí n tó sanwó, màmá náà fún mi ní àpótí ìjókòó, ó ní, “Tíṣà, ẹ jókòó kí ẹ tú gbogbo rẹ̀ wò dáadáa, kí ẹ má baà délé tán kí ẹ tún máa padà bọ̀.” Mo tú wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì sí èyí tó sán. Fóòmù tí wọ́n gé ní ìwọ̀n agbárí kọ̀ọ̀kan ló dì wọ́n mú, iṣẹ́ yẹn sì dára, nítorí pé dáńfó ni mo fi gbé wọn kọjá Ojúẹlẹ́gba, tí kòtò ọ̀nà kò sì ṣe wọ́n ní nǹkan kan.

Agbárí ìnàkí ṣimpansí kan àti ti ènìyàn òde òní kan ló wà níbẹ̀ fún ìfiwéra; àwọn márùn-ún tó kù jẹ́ ẹ̀dà fọ́sìlì tí gbogbo àwọn onímọ̀ mọ̀. Toumaï ló lọ́jọ́ lórí jù nínú wọn, èyí tí ikọ̀ Michel Brunet rí ní aṣálẹ̀ Djurab ní orílẹ̀-èdè Ṣáàdì ní ọdún 2001, tí ọjọ́ orí rẹ̀ sì tó nǹkan bí mílíọ̀nù ọdún méje. Èyí tí wọ́n ń pè ní Mrs Ples tẹ̀ lé e, láti inú ihò àpáta Sterkfontein ní Gúúsù Áfíríkà, níbi tí Robert Broom àti John Robinson ti wú u jáde ní 1947. Lẹ́yìn náà ni agbárí eléyín ńlá tí Mary Leakey rí ní Olduvai ní Tansaníà ní 1959, orí ọmọkùnrin Turkana tí Kamoya Kimeu, ọmọ Kẹ́ńyà, kọ́kọ́ tajú kán rí ní 1984, àti Neanderthal kan, irú ènìyàn àtijọ́ kan tó bá tiwa tan, láti La Chapelle-aux-Saints ní ilẹ̀ Faransé, tí wọ́n rí ní 1908. Ike líle ni wọ́n fi ṣe gbogbo wọn, wọ́n wúwo lọ́wọ́ dáadáa, ojú wọn sì hàn kedere. Lára ti Neanderthal yìí, a lè fi ìka kan ibi tí egungun ti dí ojú ihò eyín tó ti ká, èyí tó fi hàn pé ọkùnrin náà wà láàyè fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí eyín rẹ̀ ti ń tán lọ. Ọ̀pọ̀ ẹ̀dà olówó pọ́ọ́kú ni kì í ní irú àlàyé kékeré bẹ́ẹ̀ lára.

Ohun tí mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò ni ihò tó wà ní ìsàlẹ̀ agbárí, níbi tí iṣan ńlá tó ti inú ọpọlọ wá ti ń wọ inú egungun ẹ̀yìn. Bí ihò yìí bá sún sẹ́yìn, a jẹ́ pé iwájú ni ẹ̀dá náà ń na ọrùn sí bí ẹran ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin. Bí ó bá wà láàárín gan-an, a jẹ́ pé orí jókòó sórí ọrùn bí igbá ṣe ń jókòó sórí òṣùká, àti pé ẹsẹ̀ méjì ni ẹ̀dá náà fi ń rìn. Ihò yìí wà lára ohun tí Raymond Dart tọ́ka sí ní 1925, nígbà tó kéde agbárí ọmọdé tí wọ́n rí ní Taung ní Gúúsù Áfíríkà, tí ọ̀pọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò sì gbà á gbọ́ fún ọdún pípẹ́. Mo ní kí àwọn ọmọ ki ẹyọ ìgbálẹ̀ kọ̀ọ̀kan bọ inú ihò agbárí kọ̀ọ̀kan kí wọ́n sì wo ibi tó dojú kọ. Ti ìnàkí na sẹ́yìn. Ti ènìyàn dojú kọ ilẹ̀ ṣánṣán, ti Mrs Ples sì súnmọ́ ti ènìyàn. Ti Toumaï ló dá àríyànjiyàn sílẹ̀, tí kíláàsì fi pín sí méjì, inú mi sì dùn gidigidi, nítorí pé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn onímọ̀ fúnra wọn ṣe pín. Agbárí gidi náà tẹ̀, ó sì wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan lábẹ́ iyanrìn. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi tún un tò, tí wọ́n sì gbé èyí jáde ní 2005. Ní 2022, àwọn kan gbé egungun itan kan kalẹ̀ láti fi jẹ́rìí pé ẹsẹ̀ méjì ni irú Toumaï fi ń rìn, àwọn mìíràn sì ní ẹ̀rí inú egungun yẹn kò tó. Ẹ̀dà tó wà nínú páálí yìí jẹ́ ti agbárí náà bó ṣe wọ́, kì í ṣe bí wọ́n ṣe tún un tò, kò sì sí ibi kankan tí wọ́n ti sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó rà á.

Iṣẹ́ tó tóbi jù tí àwọn agbárí wọ̀nyí bá mi ṣe ni pé wọ́n jẹ́ kí n lè fi hàn bí a ṣe ń mọ ẹni tó bá ẹni tan. Nígbà tí mo ní kí àwọn ọmọ to àwọn méjèèje bí wọ́n ṣe rò pé wọ́n ṣe bá ara wọn tan, ọmọkùnrin kan gbé Toumaï ti Neanderthal, nítorí pé egungun òkè ojú àwọn méjèèjì yọ síta bí etí òrùlé. Mo wá fi ilà ojú ṣe àpẹẹrẹ fún un. Bí gbogbo ará agboolé kan bá ń kọ àbàjà láti ìgbà ìwáṣẹ̀, àbàjà kò lè sọ fún àlejò pé àwọn wo nínú wọn ló jẹ́ ọmọ baba kan náà, nítorí pé gbogbo wọn ló ní in. Ṣùgbọ́n bí baba kan nínú agboolé náà bá fi ìlà kan kún ti àwọn ọmọ rẹ̀, tí àwọn ọmọ náà sì ń kọ ọ́ fún àwọn ọmọ tiwọn, ìlà tuntun yẹn ni yóò máa tọ́ka sí ẹ̀ka náà. Irú àmì tuntun bẹ́ẹ̀, èyí tí àwọn kan jogún láti ọ̀dọ̀ baba ńlá kan tí àwọn yòókù kò sì ní, ni àwọn onímọ̀ ń wá lára fọ́sìlì, ìlànà tí Willi Hennig, onímọ̀ kòkòrò ọmọ Jámánì, gbé kalẹ̀ ní 1950. Ọmọkùnrin náà wo egungun òkè ojú ìnàkí, ó rí i pé òun náà ní in, ó sì gbà pé àmì àtijọ́ ni. Lẹ́yìn náà ni ọmọbìnrin kan ṣàkíyèsí pé eyín ṣóńṣó ìnàkí gùn bí ìkọ́, ṣùgbọ́n pé ti Toumaï kéré, ti àwọn tó tẹ̀ lé e tí eyín wọn ṣì wà sì kéré bákan náà. Òun ló mú ọ̀rọ̀ náà délé, nítorí pé àmì tuntun nìyẹn, ó sì wà lára ìdí tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ fi gbé Toumaï sí ẹ̀ka tiwa.

Mo ní láti fi kún un pé àmì tuntun pàápàá lè tan ni jẹ, nítorí pé agboolé méjì tí kò bá ara wọn tan lè ṣe àgbékalẹ̀ ilà kan náà láìmọ ara wọn. Agbárí Olduvai ní eyín ẹ̀yìn tó fẹ̀ lọ́nà ìyanu, tí a fi ń lọ oúnjẹ líle, àwọn tí wọ́n rí ní Gúúsù Áfíríkà tó jọ ọ́ náà sì ní irú rẹ̀. Títí di òní, àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí bóyá baba kan náà ni wọ́n ti jogún eyín wọ̀nyẹn, tàbí oúnjẹ líle ló mú kí oníkálùkù dé ibẹ̀ ní ọ̀nà tirẹ̀. Ìdí nìyí tí wọn kì í fi gbẹ́kẹ̀ lé àmì kan ṣoṣo. Wọ́n á kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ jọ, láti orí ìrísí eyín dé orí egungun etí, wọ́n á sì fi kọ̀ǹpútà wá igi ìdílé tí kò ní béèrè pé kí àyípadà ṣẹlẹ̀ ju bó ti yẹ lọ.

Ara agbárí Olduvai yìí náà ni ẹ̀sùn mi ti bẹ̀rẹ̀. Ó wá pẹ̀lú àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ràbàtà kan, tí àwọ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti agbárí. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó rí àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ẹni yẹn rí. Èyí tí wọ́n máa ń fi tì í, ara àgbọ̀n mìíràn tí Kamoya Kimeu yìí kan náà rí ní Peninj, lẹ́bàá adágún Natron, ní 1964 ni wọ́n ti mú àpẹẹrẹ rẹ̀. Kò sí ohun tó burú nínú pé kí a dí àlàfo, àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà ń ṣe é, ṣùgbọ́n ìwà ọmọlúàbí nínú iṣẹ́ yìí ni kí a fi àwọ̀ mìíràn kun ibi tó jẹ́ pé ọwọ́ ló ṣe é, kí ẹni tó ń wò ó lè mọ ibi tí ẹ̀rí parí sí àti ibi tí àbá ti bẹ̀rẹ̀. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ojú kékeré wo ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1912 ni wọ́n kéde agbárí Piltdown ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí baba ńlá ènìyàn, ó sì di 1953 kí àṣírí tó tú pé egungun orí ènìyàn àti àgbọ̀n orangutan, irú ìnàkí ilẹ̀ Éṣíà kan, tí wọ́n ti rẹ́ eyín rẹ̀ ni ẹnìkan pa pọ̀. Ọdún mọ́kànlélógójì ni irọ́ yẹn fi ba igi ìdílé wa jẹ́, ó sì wà lára ohun tí kò jẹ́ kí wọ́n fetí sí Dart.

Mo tún gbìyànjú láti fi ọkà bàbà wọn àyè ọpọlọ nínú àwọn agbárí náà, bí àwọn onímọ̀ ayé àtijọ́ ṣe máa ń fi hóró irúgbìn ṣe é. Èyí kò ṣeé ṣe. Ti ènìyàn òde òní nìkan ni inú rẹ̀ ṣófo. Àwọn yòókù dí pa, ihò ìsàlẹ̀ wọn kò sì jìn ju ìka kan lọ. Àdánù ni fún ẹni tó fẹ́ kọ́ni, nítorí pé ìwé pẹlẹbẹ tó wà nínú páálí nìkan ni a lè gbára lé fún ìwọ̀n ọpọlọ. Ó kọ nǹkan bí 390 kúbíìkì sẹ̀ǹtímítà fún ìnàkí, 485 fún Mrs Ples, 880 fún ọmọkùnrin Turkana, àti 1,350 fún wa, gbogbo rẹ̀ sì bá ohun tí mo mọ̀ mu.

Lórí ọjọ́ orí, ìwé pẹlẹbẹ náà ṣe dáadáa níbì kan, ó sì ṣe àìdáa níbì kan. Ó ṣàlàyé dáadáa pé kì í ṣe egungun Olduvai gan-an ni wọ́n wọn ọjọ́ orí rẹ̀, bí kò ṣe eérú òkè ayọnáyèéfín tó wà nínú ìpele ilẹ̀ ibẹ̀. Nínú eérú bẹ́ẹ̀ ni irú potásíọ̀mù kan wà tó ń di gáàsì ágọ́nì díẹ̀díẹ̀, ní ìwọ̀n tí kì í yí padà. Nígbà tí òkúta bá yọ́ nínú iná òkè, gáàsì àtijọ́ á jáde lọ, aago á sì bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Iye ágọ́nì tó ti kó jọ láti ìgbà náà ni yóò sọ bí ó ti pẹ́ tó. Ọ̀nà yìí ni wọ́n fi mọ̀ ní 1961 pé ilẹ̀ ibi tí agbárí náà wà ti tó mílíọ̀nù ọdún 1.75, ohun tó ya gbogbo ayé lẹ́nu nígbà náà. Kábọ́ọ̀nù 14 tí àwọn ènìyàn mọ̀ jù kò lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn, nítorí pé agbára rẹ̀ kò ju nǹkan bí 50,000 ọdún lọ.

Ṣùgbọ́n nígbà tó dé orí Mrs Ples, ìwé náà kọ mílíọ̀nù ọdún 2.1 bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti parí. Kò sí eérú òkè ayọnáyèéfín nínú àwọn ihò àpáta Gúúsù Áfíríkà tí wọn yóò fi wọn ọjọ́ orí, ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí ibẹ̀ sì ti ń fa àríyànjiyàn tipẹ́. Ní 2022, àwọn onímọ̀ kan tó lo àmì tí ìtànṣán láti òfurufú máa ń fi sára òkúta kí ó tó wọ inú ihò sọ pé ìpele tí wọ́n ti rí i lè tó mílíọ̀nù ọdún 3.4 sí 3.6. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ti nọ́mbà lásán. Bí ọjọ́ orí kékeré bá tọ̀nà, irú Mrs Ples lè jẹ́ ọmọ ọmọ irú Lucy, egungun obìnrin tí wọ́n rí ní Hadar ní Etiópíà ní 1974, tó ti tó mílíọ̀nù ọdún 3.2. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ orí ńlá ló tọ̀nà, a jẹ́ pé ẹgbẹ́ ni wọ́n, ìbátan ni wọ́n, kò sì rọrùn mọ́ láti pe ọ̀kan ní ìyá èkejì. Ìlà kan ṣoṣo ì bá ti tó láti sọ èyí fún òǹkàwé.

Ohun tó burú jù nínú páálí náà ni àwòrán ògiri tí wọ́n ká sínú rẹ̀. Wọ́n to àwọn méjèèje tẹ̀ lé ara wọn láti apá òsì sí apá ọ̀tún, ìnàkí ló ṣíwájú, ènìyàn ló kẹ́yìn, olúkúlùkù sì ń tẹ̀ síwájú bí ọmọ ogun, bí ẹni pé baba àti ọmọ ni wọ́n. Ìnàkí òde òní kì í ṣe baba ẹnikẹ́ni nínú wa. Mọ̀lẹ́bí wa ni, tí òun náà ti rin ọ̀nà jíjìn láti ọ̀dọ̀ baba ńlá tí àwa àti òun jọ ní. Wọ́n sì gbé agbárí Olduvai ṣíwájú ọmọkùnrin Turkana bí ẹni pé òun ló bí i, nígbà tó jẹ́ pé irú àwọn méjèèjì gbé ayé nígbà kan náà, lórí ilẹ̀ kan náà. Ní 2024, àwọn onímọ̀ kéde ipasẹ̀ tí wọ́n rí nínú ẹrẹ̀ àtijọ́ ní Koobi Fora lẹ́bàá adágún Turkana, tó ti tó mílíọ̀nù ọdún 1.5, tí wọ́n sì kà sí ti irú ẹ̀dá méjèèjì yìí. N kò lẹ àwòrán náà mọ́ ògiri. Mo gé àwọn orí inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ní kí àwọn ọmọ tún wọn lẹ̀ sórí pátákó bí igi ẹlẹ́ka púpọ̀, kí wọ́n fi àmì ìbéèrè sí oríta ibi tí ẹ̀rí kò bá tíì tó. Ìyẹn wá di ẹ̀kọ́ tó dára jù lọ tí mo kọ́ wọn ní sáà náà.

Ìwé náà tún sọ pé àwọn Neanderthal parun láìfi ọmọ sílẹ̀. Àṣìṣe ni. Láti 2010, nígbà tí ikọ̀ Svante Pääbo gbé àbùdá wọn (DNA) tí wọ́n yọ láti inú egungun jáde, ni a ti mọ̀ pé wọ́n bá irú tiwa lò pọ̀, àti pé díẹ̀ lára àbùdá wọn ṣì wà lára àwọn ènìyàn òde òní, pàápàá àwọn tí kì í ṣe ọmọ Áfíríkà. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ láìpẹ́ yìí kò yẹ kó ṣì máa sọ bẹ́ẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù gẹ́gẹ́ bí ọmọ Yorùbá ni pé, yàtọ̀ sí Toumaï, kò sí ẹnikẹ́ni láti àdúgbò tiwa nínú páálí náà tàbí nínú ìwé rẹ̀. Mo mọ̀ pé ilẹ̀ igbó wa tó tutù, tó sì kún fún ásíìdì, máa ń jẹ egungun run kí ó tó di òkúta, ìdí rèé tí fọ́sìlì fi ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wa. Síbẹ̀ Ihò Eléérú wà, nítòsí Àkúrẹ́, níbi tí Thurstan Shaw àti ikọ̀ rẹ̀ ti wú egungun ènìyàn kan jáde ní 1965, ọ̀kan lára èyí tó lọ́jọ́ lórí jù lọ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju nǹkan bí 13,000 ọdún lọ, bẹ́ẹ̀ ni orí rẹ̀ gùn sẹ́yìn, ó sì rẹlẹ̀ lókè, tó fi jẹ́ pé nígbà tí Katerina Harvati àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọn ìrísí rẹ̀ tí wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2011, wọ́n rí i pé ó jọ ti àwọn tó gbé ayé ní ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún ọdún ṣáájú rẹ̀ ju ti àwọn ènìyàn ìgbà rẹ̀ lọ. Nígbà tí mo sọ ìtàn yìí ní kíláàsì, ọmọ kan tí ará Ìjù ni ìyá rẹ̀ dìde, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹbí wa ni?” Mo dá a lóhùn pé ìbéèrè yẹn gan-an ni àwọn onímọ̀ ń bi ara wọn: bóyá àwọn ènìyàn onírísí àtijọ́ pẹ́ lọ́dọ̀ wa ju bí a ti rò lọ, tàbí wọ́n bá àwọn tuntun lò pọ̀ kí wọ́n tó lọ.

Fún àwọn olùkọ́ tó bá fẹ́ rà á, àwọn agbárí náà yẹ ní owó tí mo san, mo sì fún wọn ní máàkì mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Ìwé pẹlẹbẹ gba márùn-ún, àwòrán ògiri kò gba nǹkan kan. Ẹ má gbé wọn sí ojú oòrùn, àwọ̀ ti ń ṣí díẹ̀ lára egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọkùnrin Turkana lẹ́yìn oṣù méjì. Ẹ fi lẹ́ẹ̀dì kọ ọ́ sí abẹ́ àgbọ̀n Olduvai pé kì í ṣe tirẹ̀.

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù náà lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá pẹ̀lú ìwé kan tí mo to àṣìṣe mẹ́rin sí. Màmá náà fara balẹ̀ kà á, ó ní, “Ẹ bá mi kọ ojú ewé tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà sí i, tíṣà, kí n lè fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń bá wa kó o wọlé.” Mo kọ ọ́ sí i, mo sì fi ìlà karùn-ún kún un, pé bí wọ́n bá lè rí ẹ̀dà agbárí Ihò Eléérú, ilé ẹ̀kọ́ wa yóò ra méjì.